Ṣúgà Tí Èèrà Kò Mọ̀

Ike funfun kan wà ní ṣọ́ọ̀bù Alájà, ọ̀gá mi, ní Adabraka, ní ìlú Accra. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń ṣí i tí mo ń dé e padà, èèrà kan ṣoṣo kò yà síbẹ̀ rí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ funfun bí iyọ̀, ó kúnná, ó sì ń dán díẹ̀. Bí mo bá ṣí ìdérí rẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á gba òórùn tọ́fì, òórùn ṣúgà tó ń yọ́ lórí iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n bọ̀. Àwọn tó ń kọjá lójú títì á dúró, wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á máa wá ẹni tó ń dáná. Kò sẹ́ni tó ń dáná. Kò sí ìkòkò níbẹ̀, kò sì sí ṣúgà. Ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ni wọ́n ti fi kẹ́míkà pò ó, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá, àwa sì ń bù ú sínú lọ́fínńdà fún àwọn ọmọge Accra.

Ike yẹn ló sọ mí dèèyàn ní Ghana. Òun náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ohun kan jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, tó jẹ́ pé ká ní ó bàjẹ́ ni, n kì bá lè dárí ji ara mi.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ìyá mi ń se bàbá dúdú, tọ́fì àgbọn tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń rà, èyí tó dúdú bí èédú tó sì ń lẹ̀ mọ́ eyín. Wọ́n á rin àgbọn, wọ́n á fún omi rẹ̀, wọ́n á da ṣúgà sí i, wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á máa rò ó títí á fi dúdú. Ìyá mi kì í wo ìkòkò. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á yíjú sí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ọwọ́ wọn á máa ro ọmọrogùn lọ. Nígbà tó bá yá, wọ́n á gbé imú sókè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní, "Ó ti dé." Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á sọ̀ ọ́. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á korò. Bí wọ́n bá yára jù, kò ní le, á kàn máa fà bí oje igi ni. Ààrin méjèèjì kò gùn ju kéèyàn ka ení, èjì dé ogún lọ. Ní gbogbo ìgbà èwe mi, imú ìyá mi kò tàsé rẹ̀ rí.

Òórùn yẹn ni mo kórìíra jù láyé. Ó wà nínú irun mi, ó wà nínú yúnifọ́ọ̀mù mi, ó wà láàárín ìwé mi. Èèrà máa ń tò wọ inú báàgì mi ní kíláàsì, àwọn ẹgbẹ́ mi á ní, "Oní-bàbá-dúdú, àwọn ẹbí ẹ ti dé o." Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí mo bá délé, màá fi ọṣẹ fọ báàgì náà títí awọ rẹ̀ fi bó.

Nígbà tí mo jáde girama tí n kò ríṣẹ́, ìyá mi ní kí n wá gba ọmọrogùn lọ́wọ́ àwọn, pé apá ti ń ro àwọn. Mo ní láéláé. Mo tiẹ̀ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní, "Ẹ wo ara yín, Màámi. Ẹ ń rùn bí ìkòkò. Èmi ò ní kú pẹ̀lú òórùn yìí lára."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọn kò gbá mi létí, wọn kò sì ṣépè. Wọ́n nu ọwọ́ wọn mọ́ ìró, wọ́n padà sídìí ààrò. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo wọkọ̀ Ghana.

Ọjà Odawna ní Accra ni mo ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ obìnrin ará ìlú mi kan tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ àti háńkáṣíìfù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí ìyá arúgbó kan tó ń ta ata ní ẹ̀gbẹ́ wa. Ó wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi, ó bá mi wá a lọ wá a bọ̀, ó wá béèrè pé kí ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kò sí. Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí èèyàn lóòró ní Accra, ó sì pẹ́ kí ara mi tó gbà á, ńṣe ló máa ń ṣe mí bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

Alata ni wọ́n ń pè mí. "Alata, bra!" ìyẹn ni pé kí n wá. Màá lọ. Wọn kò fi ṣe èébú, orúkọ tí wọ́n mọ àwa Yorùbá sí ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ èyí tí mo jẹ́ nínú gbogbo Alata. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ti sá fún ilé tí gbogbo èèyàn ti mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ láti ọ̀ọ́kán. Mo wá dé ibi tí kò sẹ́ni tó mọ̀. N kò mọ̀ pé ìyẹn náà máa ń dunni tó bẹ́ẹ̀. Lapaz ni mo ń gbé, yàrá kan nínú àgbàlá tí àwa mẹ́jọ jọ ń lo páìpù omi kan. Bí mo bá ti inú trótró, bọ́ọ̀sì akérò ibẹ̀, bọ́ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, màá dúró díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta iṣu díndín, kí n lè gbọ́ ariwo èèyàn kí n tó wọ yàrá lọ.

Alájà ló yọ mí kúrò ní Odawna. Accra ni wọ́n bí wọn sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀fà ni òbí wọn. Wọ́n wá ra háńkáṣíìfù, mo sì sọ láìrò ó tẹ́lẹ̀ pé, "Màmá, àgbọn wà nínú lọ́fínńdà yín, àmọ́ àgbọn náà ti ń kan."

Wọ́n gbóòórùn ọrùn ọwọ́ wọn, wọ́n wò mí. "Ta ló sọ fún ẹ pé àgbọn ló wà ńbẹ̀?"

"Imú mi ni, Mà."

"Imú ẹ yìí dáa paa. Wá bá mi lọ́la, Adabraka. Bi wọ́n pé Alájà oní-lọ́fínńdà dà."

Ìgò ni mo kọ́kọ́ ń fọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi síríńjì fa òróró láti inú àwọn agolo ńlá sínú ìgò wẹ́wẹ́. Nígbà tó di ọdún kejì, Alájà fà mí wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, níbi tí tábìlì wà tí wọ́n ti ń po òórùn. Ẹni tó bá jókòó sídìí tábìlì yẹn ni olórí iṣẹ́ lẹ́yìn Alájà fúnra wọn. Wọ́n fún mi ní ìwọ̀n kékeré kan, wọ́n fún mi ní ìwé, wọ́n sì ṣí ike funfun náà fún mi.

Alájà ní láyé àtijọ́, òdòdó ni àwọn obìnrin máa ń béèrè, tàbí tùràrí, tàbí igi olóòórùn dídùn. Ní báyìí, àwọn ọmọge ò fẹ́ òdòdó mọ́. Wọ́n fẹ́ kéèkì. Wọ́n fẹ́ ṣìngọ́ọ̀mù àti sítírọ́bẹ́rì inú mílíìkì. Ọmọdébìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì wá bá mi, ó ní òun fẹ́ kí àwọn èèyàn máa rò pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tọ́fì tán ní ìgbàkigbà tí òun bá wọ inú yàrá. Mo po tiẹ̀ fún un. Kò sí èso kan nínú òórùn sítírọ́bẹ́rì wa, èmi tí mo sì ń pò ó, n kò tíì fojú rí sítírọ́bẹ́rì rí títí di òní. Kẹ́míkà ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀kán kan níhìn-ín, ẹ̀kán méjì lọ́hùn-ún, kí a tó wá bu ìyẹ̀fun inú ike lé e. Bí ó bá pọ̀ jù, orí á máa fọ́ èèyàn. Bí ó bá ṣe déédéé, obìnrin á wọ inú ilé, ọmọdé á sì máa tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣí ike yẹn, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo sá fún ṣúgà jíjó ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sọdá ibodè mẹ́ta, òun náà sì ti jókòó dè mí ní Adabraka. Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn mo fi ìdí ìborùn nu ojú mi, nítorí pé ojú ìyá mi ló ń wá sí mi lọ́kàn.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé. A ó sọ̀rọ̀ òjò, a ó sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, a ó sọ̀rọ̀ ẹni tó kú. Ìyá mi kì í dárúkọ ìkòkò, èmi náà kì í béèrè. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn jókòó sáàárín wa bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún wọn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí.

"Ṣúgà inú ike yẹn, ṣé èèrà ń wá sídìí ẹ̀?"

"Rárá o, Màámi."

"Hẹn-ẹ́n. Ṣúgà kọ́ nìyẹn."

Wọn kò fi mí ṣẹ̀sín, bí wọ́n ṣe rí i ni wọ́n sọ ọ́. Síbẹ̀ ó dùn mí. Mo pinnu pé n ó fi imú mi tọrọ àforíjì, níwọ̀n ìgbà tí ẹnu mi kò lè ṣe é. Mo fẹ́ po òórùn bàbá dúdú ìyá mi gan-an. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe é, lẹ́yìn tí a bá ti tajà tán. Mo bu ìyẹ̀fun náà fún ṣúgà, mo fi òróró kan ṣe àgbọn, mo fi ẹ̀kán kan tó ń rùn bí èéfín igi sí i, mo sì rántí ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń fún sí i kó má baà di ṣúgà padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo kán an sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi, mo gbóòórùn ẹ̀, mo sì bá ara mi nínú àgbàlá wa, mo ń gbọ́ ìró ọmọrogùn létí ìkòkò. Mo fi ìgò kan rán awakọ̀ sílé.

Ní ọjọ́ Àìkú, ìyá mi ní, "Mo rí i gbà. Ó dára. Ó jọ ọ́ gan-an. O ṣé, ọmọ mi."

Inú mi dùn débi pé mo ra ẹja yíyan fún gbogbo àwa mẹ́jọ inú àgbàlá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í dédé pe èèyàn. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́. Màámi ò gbóòórùn nǹkan kan mọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà ọ̀fìnkìn tó dá wọn gúnlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ti jó ìkòkò mẹ́ta. Ẹ mọ̀ pé ojú wọn náà ti ń ṣú. Ẹ̀gbọ́n yín ti ní bí òmíràn bá jó, òun á gbé ìkòkò náà kúrò nílé, kí wọ́n má baà dáná sun ara wọn."

"Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"Wọ́n ní ẹni tó ń ta òórùn ò gbọdọ̀ gbọ́ pé imú ìyá òun ti kú."

Mo bi í pé kí ni ìyá mi wá fi ìgò tí mo fi ránṣẹ́ ṣe. Ó ní wọ́n kán an sí ojú ọ̀nà àbáwọlé, wọ́n gbé àpótí tì í, wọ́n jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, wọ́n ń retí èèrà.

N kò lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo ronú nípa dúdú bàbá dúdú, bí kò ṣe yàtọ̀ sí dúdú èyí tó ti jó lójú àgbà, tó jẹ́ imú nìkan ló lè yà wọ́n. Mo ronú nípa bí wọ́n ṣe jókòó ti ìgò mi. Ní ìrọ̀lẹ́, mo pè wọ́n.

"Màámi, ẹ parọ́ fún mi."

Wọ́n mọ ohun tí mo ń sọ lójú ẹsẹ̀. "Irọ́ kọ́. Mo mọ̀ pé ohun tí o bá fọwọ́ ara ẹ ṣe á dára." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ẹ fẹ́ gbé ìkòkò mi. Ó ní kí n máa sinmi. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí n ò rin àgbọn, kí ni kí n wá máa ṣe? Kí n jókòó máa retí ikú?"

N kò rí wọn kí wọ́n bẹ̀rù rí. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn, mo sì sọ ọ́ kí n tó rò ó tán. Mo ní kí wọ́n fi iná igi sílẹ̀, kí wọ́n lo àdògán eléèédú bíi tèmi. Kí á lo agolo kan náà fún ṣúgà, iye àgbọn kan náà. Kí á gbé e kaná pa pọ̀ ní ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n bá lu aago márùn-ún nílé, tó jẹ́ mẹ́rin ní Accra. Èmi á gbóòórùn tèmi. Bí tèmi bá ti dé, màá gbọ́ bí ó ṣe ń hó, màá sì máa fetí sí tiwọn lórí fóònù títí á fi máa hó bákan náà. Ìgbà náà ni n ó ní kí wọ́n sọ̀ ọ́.

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ," ni ìyá mi wí, ohùn wọn sì ti rọ̀.

"Tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè," mo dáhùn.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo tẹ́ àdògán mi sí àgbàlá ní Lapaz. Ìyá mi gbé fóònù sórí àpótí, mo sì ń gbọ́ ìkòkò wọn. Mo ń rò, mo ń gbé imú sókè. Òórùn tọ́fì ń wá, ó ń wá, kò pọ̀ sí i, kò dín. Mo ń sọ fún ìyá mi pé, "Ó kù díẹ̀." Mo tún sọ ọ́. Lójijì èéfín bo ojú mi. Ìkòkò mi ti di èédú nísàlẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sì ń wúkọ́ nínú fóònù.

"Ó ti jó, àbí?" ni ìyá mi béèrè.

Wọn kò mọ̀. Wọ́n jókòó tì í, wọn kò mọ̀, èmi náà kò mọ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi yanrìn àti eérú ha ìkòkò náà kí ọkọ rẹ̀ tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó ní, "Àǹtí, mi ò lè bò ó lẹ́ẹ̀kejì o."

Ìgbà tí mo wọ yàrá ni mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo bọ́ gèlè mi, mo fi bomú. N kò gbóòórùn nǹkan kan. Mo pe obìnrin tó wà ní yàrá kejì, mo ní kó bá mi gbóòórùn rẹ̀. Ó fà sẹ́yìn. Ó ní tọ́fì ni, ó ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti máa ń mọ̀ pé mo ti dé kí wọ́n tó rí mi. Ìyẹ̀fun inú ike wà nínú gèlè mi, ó wà nínú irun mi, nínú ìrọ̀rí mi. Èmi tí mo sọ fún ìyá mi pé n kò ní kú pẹ̀lú òórùn ṣúgà lára. Imú tó bá ti bá òórùn kan gbé pẹ́ kì í rí i mọ́, wọ́n sì ti kọ́ mi ní ìyẹn láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé. Mo wá rántí àwọn oníbàárà tí wọ́n dá lọ́fínńdà mi padà ní oṣù tó kọjá, pé ó dùn jù, pé ó ń fọ́ àwọn lórí. Mo ti sọ fún ara mi pé ìlara ni.

Ní ọjọ́ Ajé, mo jókòó sí iwájú Alájà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ dìde kúrò nídìí tábìlì.

"Due," ni wọ́n wí, bí wọ́n ṣe ń kíni pẹ̀lẹ́ ní Accra. "Ìyá ẹ, due." Wọ́n ń yí ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ wọn. "Mo ti rí i pé o ń bù ú jù. Mo ní kí n sọ, mo tún ní kí n dákẹ́, torí pé ó ń dùn mọ́ ẹ nínú. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ fún ẹ, Sista. Bí o bá dìde níbẹ̀, ẹlòmíì á jókòó. Mi ò lè fi àga sílẹ̀ lásán dè ẹ́."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Mà."

Wọ́n na ọwọ́ sí ìgò róòsì lórí pẹpẹ, wọ́n ṣí i, wọ́n gbé e síwájú imú wọn, wọ́n sì dé e padà. "Ó ti tó ọdún méje tí mi ò gbóòórùn eléyìí mọ́. Ara ìgò ni mo ń kà. Ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá mi, wọ́n kó òdòdó wá, gbogbo èèyàn ń sọ pé ó ń ta sánsán. Bí omi lásán ló rí ní imú mi. Mi ò sọ fún ẹnì kankan." Wọ́n wò mí. "Ìyá tìẹ ṣì wà. Àbúrò mi ń wá ẹni tó máa bá òun ta aṣọ ní Odawna. Màá sọ fún un."

Báyìí ni mo ṣe padà sí Odawna, sínú oòrùn tí mo ti kúrò níbẹ̀, sí owó tí kò tó ti tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ní ọjọ́ tí mo kọjá ní Adabraka tí mo rí ẹlòmíràn lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo yí ojú mi sí ọ̀nà kejì. Mo ti sọ fún ìyá mi pé iṣẹ́ ti yí padà, n kò sọ ìdí rẹ̀. Mo fọ gbogbo aṣọ mi, mo gé irun mi mọ́lẹ̀, mo da ìrọ̀rí mi nù. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, n kò gbóòórùn nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ń tẹ́ aṣọ ní àárọ̀, gọ́tà tó wà lẹ́yìn wa sì gba imú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fi ìborùn bomú. Èmi ni mo dúró tí mo ń fà á símú, tí mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹja gbígbẹ padà, àti ọṣẹ, àti òjò tó ń bọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kẹrin, aago mẹ́rin lù, mo gbé ìkòkò kaná. Ẹ̀gbọ́n mi wà nílé lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń sọ pé ìgbẹ̀yìn rèé, pé bí èyí bá jó, òun ń gbé e lọ. Ìyá mi gbé fóònù sórí àpótí.

A ń rò ó. Ìkòkò méjèèjì kọ́kọ́ ń dún bí òjò lórí páànù. Bóyá nítorí pé n kò lè wo ojú wọn ni mo fi rí i sọ.

"Màámi, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín kí n tó kúrò nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Ọmọrogùn wọn kò dúró. "Èwo nínú ẹ̀?"

"Pé ẹ ń rùn bí ìkòkò."

"Mo ń rùn bí ìkòkò lóòótọ́. Ìkòkò náà ló san owó iléèwé ẹ." Wọ́n ro ìkòkò wọn yíká. "Ó dùn mí, ọmọ mi. Ó dùn mí gan-an. Mo ti forí jì ẹ́ tipẹ́, ìwọ ni o ò béèrè. Rò ó, má jẹ́ kó lẹ̀ mọ́dìí."

Mo ń rò ó, omi ojú mi sì ń já sí àyà mi. Ohùn ìkòkò mi yí padà, ó wá wúwo, pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀, bí ẹ̀kọ tó ti ki. Àgbọn ló kọ́kọ́ gòkè. Ṣúgà tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn wọn ni ohun kẹta wá, tín-ínrín, ìkorò kékeré tí n kò fi sínú ìgò mi rí nítorí pé n kò rántí pé ó wà níbẹ̀. Imú mi gbé ara rẹ̀ sókè.

"Tèmi ti dé," mo wí, mo sì sọ̀ ọ́. Mo ki fóònù bọ etí. Tiwọn ṣì ń yára. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Pọ̀. Pọ̀. Pọ̀ọ̀. Pọ̀ọ̀.

"Ó ti dé, Màámi. Ẹ sọ̀ ọ́."

Mo gbọ́ tí ìkòkò kanlẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ́ nǹkan gbígbóná lẹ́nu, mo gbọ́ tí eyín rẹ̀ ń dún. Kò sọ pé ó dára. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ bu díẹ̀ sí i fún mi." Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń múra àtilọ Odawna ni fóònù dún. Ìyá mi kì í pè mí ní ọjọ́ Ajé.

"Mo fi ègé kan sójú ọ̀nà lánàá," ni wọ́n wí. "Èèrà ti dé. Wọ́n pọ̀."

Fóònù ṣì wà létí mi nígbà tí obìnrin yàrá kejì kan ilẹ̀kùn mi. Ó mú karosíìnì lọ́wọ́ nínú agolo. "Sista, hwɛ, ntɛtea!" Ó nàka sílẹ̀. Èèrà ti tò láti ìdí páìpù omi wá sí ẹnu ọ̀nà mi, wọ́n wọlé, wọ́n ń lọ síbi ìkòkò tí n kò tíì fọ̀. Ó fẹ́ da karosíìnì náà lé wọn lórí.

Mo dá a lọ́wọ́ kọ́. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, pé ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀.